Késárì Rye Lane àti Ẹsẹ̀ Oníka Mẹ́fà

Ẹ bá mi kí Olóyè Gilbert Adédoyin. Ẹ kí wọn dáadáa, nítorí bí ẹ bá kí wọn bákan ṣá, wọn á ní kí ẹ padà sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ wọlé lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ tún wọn kí.

A ti fi "wọn" bọ̀wọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Gílíbáàtì ọ̀gá dígí. Agbéraga-má-sinmi. Ọkùnrin tó ń wọ kóòtù mẹ́ta nínú ooru kí aráyé lè mọ̀ pé òun ní mẹ́ta. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Rye Lane, níbi tí a ti ń kó ẹrù sínú dúrọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sílé. Fọ́tò mẹ́rin ló gbé kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù náà. Òun ló wà nínú mẹ́ta. Ìkẹrin, mọ́tò rẹ̀ ni.

Oyè tó ń jẹ́, ó ní ọba kan ló fi òun jẹ ẹ́. Ìlú ọba náà, ẹnikẹ́ni ò tíì dé ibẹ̀ rí. Bí èèyàn bá béèrè, yóò ní ìlú náà jìnnà sí títì.

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Olóyè fẹ́ fẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú. Ó ní kí wọ́n já ògiri pákó tó wà lẹ́yìn. Wọ́n já a. Wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà kúrò nílẹ̀. Ni yàrá kan bá yọjú tí kò mọ̀ pé òun ní.

Ilẹ̀ yàrá náà kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Àwọn wẹ́wẹ́ bí òkúta ni wọ́n tò sí i, pupa, funfun, dúdú, wọ́n tò wọ́n bí oòrùn tó ń ràn. Ìjókòó kúkúrú márùn-ún tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gọ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba iwájú wọn kọjá. Lẹ́bàá gọ́tà náà, nínú sìmẹ́ǹtì, àtẹ̀sẹ̀ ọmọdé kan wà níbẹ̀, ó mọ́ kedere bí ẹni pé àná ló tẹ̀ ẹ́. Ìka ẹsẹ̀ náà jẹ́ mẹ́fà.

Ẹlòmíràn ì bá gbá ibẹ̀, kó sì kó dúrọ́ọ̀mù sí i. Olóyè mú fóònù. Ó wo fídíò méjì ààbọ̀ lórí àwọn ará Róòmù ìgbàanì. Ààbọ̀ yẹn ló bà á jẹ́, torí kò dúró gbọ́ ibi tí wọ́n ti sọ bí ìjọba náà ṣe parí.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Olóyè ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní Old Kent Road tó wà nítòsí wa yìí, àwọn ará Róòmù ló tẹ́ ẹ lókùúta, tí wọ́n ń rìn ín. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni òótọ́ ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, Olóyè sì ń bá ìrìn àjò lọ. Ó ní bí wọ́n bá rin ọ̀nà yẹn, eruku á bò wọ́n. Bí eruku bá bò wọ́n, wọn á fẹ́ wẹ̀. Níbo ni wọ́n á ti wẹ̀? Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Gilbert.

Késárì kan tún wà tí wọ́n bí nílẹ̀ Áfíríkà, tó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, tó sì kú síbí. Òótọ́ nìyẹn náà. Olóyè wo imú ère ọkùnrin náà lórí fóònù. Ó ní imú bàbá òun ni.

Láti ọjọ́ náà, wàhálà dé bá àwọn oníbàárà. Olóyè ní Késárì kan ló ni Júláì, Késárì kan ló ni Ọ́gọ́ọ́sì, kí ló wá dé tí Sẹ̀tẹ́ńbà kò ní olówó, nígbà tó jẹ́ pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí òun sí? Ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn gàdàgbà pé ẹrù tó bá wọlé lọ́sẹ̀ yìí yóò dé Èkó ní ìparí oṣù Gílíbáàtì. Obìnrin kan tó kó aṣọ ọmọ wá béèrè pé ìgbà wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé ṣáájú Kérésì ni àbí lẹ́yìn rẹ̀. Olóyè ní kó lọ kàwé.

Ìwé ìkéde jáde lórí Wásáàpù. RÓÒMÙ NÍ PECKHAM. Ilé Ìwẹ̀ Késárì tí Olóyè Gilbert Adédoyin ṣàwárí. Sátidé, aago méjì ọ̀sán. Àgbàlagbà, pọ́n-ùn mẹ́wàá. Ọmọdé, pọ́n-ùn mẹ́wàá. Láago mẹ́ta, a ó gé ẹsẹ̀ ọmọ Késárì jáde nílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, a ó sì gbé e lọ sí ààfin Olóyè ní Sydenham.

Ààfin yìí, ilé oníyàrá mẹ́ta ni. Ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ náà kọ́ pálọ̀, lókè tẹlifíṣọ̀n, kí àlejò máa rí i.

Àwòrán ẹsẹ̀ náà nìkan ló fi sínú ìkéde. Ìyókù, ó ní ẹni tó bá fẹ́ rí i á sanwó.

Ní New Cross, nínú ilé káńsù kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mìsítúrà rí àwòrán náà lórí fóònù. Ó gbé kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ìka fẹ àwòrán náà títí tó fi kún ojú fóònù. Ó kà á. Ọ̀kan, méjì, títí dé mẹ́fà.

Yaqub ọmọ rẹ̀ jókòó níwájú rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, lébìrà ló ń ṣe. Oṣù mẹ́rin nìyí tí wọ́n sin bàbá rẹ̀. Láti ìgbà náà, kì í sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kì í kúkú sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ẹ," Mìsítúrà wí.

"Mummy, mò ń jẹun."

"Mo ní kí o bọ́ ọ."

Ó bọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ náà. Ó wo ìhín, ó wo ọ̀hún. Ó wá jókòó sílẹ̀, ó ṣàlàyé.

Bàbá rẹ̀, Tàjùdéèn, bíríkìlà ni, táìsì ló mọ̀ ọ́n lẹ̀ jù. Ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn, ibi àlùwàlá mọ́sálásí kékeré kan ni. Mọ́sálásí náà kò lówó. Tàjùdéèn ní kí wọ́n má wulẹ̀ ra táìsì. Ó kó àfọ́kù tó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ rẹ̀ gbogbo, ó gé wọn wẹ́wẹ́, ó tò wọ́n ní alaalẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tó parí rẹ̀, Mìsítúrà gbé oúnjẹ lọ fún un, ó sì fa Yaqub lọ́wọ́. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà náà. Ó já mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sá gba orí sìmẹ́ǹtì tútù lọ bá bàbá rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan rì.

Mìsítúrà ń bẹ̀bẹ̀. Irin ìtẹ́lẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Tàjùdéèn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù kó fi tẹ́ ẹ, kó parẹ́. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kó wà bẹ́ẹ̀.

Yaqub tún wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Búrẹ́dì rẹ̀ ti gbẹ.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ìka yìí kó tán. Orúkọ tó tẹ̀lé Yaqub nínú ìwé ni Olúgbódi. Ọmọ tó bá mú ìka kún ìka wáyé là ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bí i, àwọn dókítà fẹ́ gé e kúrò. Tàjùdéèn ní rárá. Ó ní táìsì ni wọ́n ń gé, wọn ò ní gé ọmọ òun.

Ṣùgbọ́n Tàjùdéèn kọ́ ló lọ sí ilé ìwé. Yaqub ló lọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n kó wọn lọ síbi ìlúwẹ̀ẹ́, gbogbo kíláàsì rí ẹsẹ̀ náà. Six ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà títí tó fi kọ ilé ìwé sílẹ̀. Kò bọ́ ìbọ̀sẹ̀ níwájú èèyàn mọ́. Níbi àlùwàlá gan-an, á dúró kí gbogbo ènìyàn wẹ̀ tán.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni Tàjùdéèn fi lẹ ilẹ̀ London. Èyí tó ṣe ní Kennington, wọ́n ti wó ilé náà. Èyí tó ṣe fún obìnrin kan ní Sydenham, obìnrin náà hú u, ó fi pákó rọ́pò. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, Yaqub ronú ilẹ̀ kan ṣoṣo tó lè lọ dúró lé kó ní bàbá mi ló ṣe èyí. Kò rí. Nísinsìnyí ó rí i, wọ́n sì fẹ́ fi ẹ̀rọ gé e ní Sátidé.

Ó lọ sí Rye Lane ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Olóyè wà níwájú dígí.

"Ẹ káàsán, sà."

"Dúrọ́ọ̀mù ńlá ni àbí kékeré?"

"Kì í ṣe ẹrù, sà. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ rí yẹn, Daddy mi ló ṣe é."

Olóyè yí padà díẹ̀díẹ̀, kí dígí lè rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ta ni Daddy ẹ?"

"Tàjùdéèn, sà. Bíríkìlà ni."

"Bíríkìlà." Ó pè é bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun. "Ṣé o mọ ọdún tí àwọn ará Róòmù ti kúrò nílẹ̀ yìí? Ẹgbẹ̀jọ ọdún. Daddy ẹ ti dàgbà tó yẹn?"

"Ó ti kú, sà."

"Ẹ kú ìrọ́jú. Gbọ́ mi, ọmọ. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ àwa. Lọ wo bó ṣe gún. Lọ wo bó ṣe dán. Ọwọ́ ọ̀làjú nìyẹn. Àwọn bíríkìlà tiwa, o ti rí èyí tó fi nǹkan gún rí?"

Yaqub nàka sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí Olóyè jọ̀ọ́ wo ìka ẹsẹ̀ náà, pé mẹ́fà ni.

"Mo mọ̀. Àmì ọba ni. Ọlọ́run kì í fi irú ẹ̀ fún mẹ̀kúnnù."

Ọwọ́ Yaqub ti dé ibi okùn bàtà. Oníbàárà mẹ́rin wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó ń wò ó, ó ń jẹ gúgúrú. Yaqub rántí ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè padà.

"Ẹ ṣáà má gé e, sà," ó wí.

Olóyè ní bó bá fẹ́ rí i kí wọ́n tó gé e, wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà.

Yaqub rà á. Pọ́n-ùn mẹ́wàá. Ó sanwó kó lè wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ìgbà tó di Sátidé, Peckham pé. Ẹni tí kò rówó ra tíkẹ́ẹ̀tì dúró síta, ó ń yọjú. Olóyè jáde láago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, nítorí ó ní Késárì kì í tètè dé.

Aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e látèjìká dé kókósẹ̀. Tógà ni ó pè é. Aṣọ ibùsùn ni, fún bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́ni méjì, bébà tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí ṣì wà létí rẹ̀ lẹ́yìn. Adé ewé wà lórí rẹ̀. Nínú fídíò, ewé ni Késárì ń dé, ewé tó ń tasánsán. Olóyè wádìí ewé náà. Òun náà ni béèlíìfù tí à ń sọ sínú jọ̀lọ́ọ̀fù. Ó ra páálí mẹ́jọ nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ rán an mọ́ fìlà. Bí ooru ṣe mú, tí òógùn bo Olóyè lórí, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbogbo ènìyàn.

Malachi, bíríkìlà tí wọ́n háyà láti Sydenham, dúró ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé òkúta. Ó ti wo ilẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bò ó. Ojú rẹ̀ kò dùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sanwó iṣẹ́.

Olóyè ti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ kan tó ń yẹ ohun àtijọ́ wò. Ó ní kí wọ́n rán ẹnìkan wá tí yóò jẹ́rìí, àgbà òyìnbó ni kó jẹ́, bó bá lè ní irùngbọ̀n. Ọmọbìnrin kan ló wọlé, híjáàbù ló wé, báàgì kékeré wà léjìká rẹ̀. Àmírà lorúkọ rẹ̀. Olóyè ní kó bá wọn to àga. Àmírà ní òun lòun wá láti iléeṣẹ́ náà. Olóyè wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnìkan ṣì ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀.

Olóyè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ọ̀nà tí ẹ gbà wá síbí, ti Róòmù ni. Oṣù tí a wà yìí, ti Róòmù ni. Lẹ́tà tí ẹ fi ń kọ orúkọ yín, ti Róòmù ni."

Alhaji Làtíìfù wà níjókòó iwájú. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó béèrè bóyá jọ̀lọ́ọ̀fù tó ń ta sánsán yìí náà, ti Róòmù ni.

Olóyè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó ní ẹ̀yin ará, kí ló wá wó ìjọba tó tó báyìí? Ó tún adé ewé rẹ̀ ṣe, kí wọ́n lè máa retí. Ó ní àlejò ni. Ó ní Róòmù ṣílẹ̀kùn fún àjèjì, àjèjì wọlé, wọn ò lọ mọ́, ibẹ̀ ló ti bà jẹ́. Ó ní kí ìlú yìí ṣọ́ra.

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ wo ara wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọn ò tíì bi rí pé ìgbà wo ló ń lọ.

"Gilbert," Alhaji Làtíìfù wí, "fíísà ọ̀sẹ̀ méjì lo fi wọlé. Ilé mi lo sùn sí. Ọdún mẹ́rìndínlógójì rèé."

"Alhaji, èmi ò wá bí àlejò. Mo padà sílé ni."

Wọ́n fa aṣọ kúrò nílẹ̀.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì pariwo pé ó mà dára o. Wọ́n ń ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí tó wà níbẹ̀ ò ya fọ́tò kankan. Alhaji Làtíìfù dìde, kò mọ ìgbà tó bọ́ bàtà, ó ń wá ibi tí yóò gbé e sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó rí ibẹ̀. Ó gbé e síbẹ̀. Mìsítúrà fi ìborùn bo ẹnu.

Àmírà kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ilẹ̀ náà. Ó wo àfọ́kù kan, ó wo èkejì. Ó ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú wọn. Ó wá jókòó lórí ìjókòó kúkúrú kan. Ewé oníláílọ́ọ̀nù ni Olóyè fi bo gbogbo ògiri níwájú àwọn ìjókòó náà, ó ní ọgbà Késárì nìyẹn. Bí Àmírà ṣe jókòó, ọwọ́ rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀ sínú ewé náà, síbi tí ọwọ́ ń lọ láràárọ̀. Ó di nǹkan kan mú. Ó ya ewé sọ́tọ̀.

"Olóyè, ẹ̀rọ omi rèé."

"Àwọn ará Róòmù ló fa omi wọ ilé. Ẹ lọ kàwé."

"Ó ní àmì pupa lórí, sà. Fún omi gbígbóná."

"Pupa ni àwọn ọmọ ogun wọn ń wọ̀."

Alhaji Làtíìfù bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án gbáko lòun fi ṣe àlùwàlá nínú yàrá yìí, kí mọ́sálásí tó kó lọ síbi tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó na ọ̀pá sí ìjókòó kẹta. Ó ní tòun nìyẹn, pé bí èèyàn bá jókòó lé e ṣáájú òun, ìjà ni.

Ẹ̀rín gbòde. Àwọn tó wà níta ń béèrè kí ló ṣẹlẹ̀, wọ́n ń sọ fún wọn, ẹ̀rín tún gba títì. Ẹnìkan ní òun ṣe àlùwàlá nílé ìwẹ̀ Késárì láàárọ̀ yìí, nílé òun.

Olóyè fà sẹ́yìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n agbéraga kì í tètè gbà. Ó ní ó dáa, àwọn Mùsùlùmí wẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n kàn bá a níbẹ̀ ni. Ó ní ẹsẹ̀ yìí ńkọ́? Ó bọ́ síwájú, ó nàka sí i.

"Ìka mẹ́fà! Ọba nìkan ló ní in. Ẹni tó bá lè fi ẹsẹ̀ tó jọ èyí hàn mí ní gbogbo Peckham yìí, èmi Gilbert ni màá kúnlẹ̀ wẹ̀ ẹ́ fún un, níbí, lójú gbogbo yín. Malachi, gé e."

Malachi fa okùn ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ bú. Irin rẹ̀ ń yí, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ẹsẹ̀ ọmọ náà.

Yaqub rìn wọ àárín. Kò sáré. Ó jókòó sílẹ̀, síwájú ẹ̀rọ, lórí oòrùn tí bàbá rẹ̀ tò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà. Bàtà lébìrà ni, okùn rẹ̀ gùn. Kókó kan kọ̀, kò fẹ́ tú. Gbogbo Peckham dúró dè é. Ó bọ́ bàtà. Ó di ìbọ̀sẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀. Ó bọ́ ọ.

Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kékeré náà.

Malachi pa ẹ̀rọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ka ìka àgbà, ó ka ìka ọmọdé. Ìka tó kún náà, ibì kan náà ló wà, ó tẹ̀ síta bákan náà. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà sínú àpótí, ó tì í.

"Ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà náà," Yaqub wí. "Daddy mi ló ń tẹ́ ẹ. Mo sá wọ inú ẹ̀. Ó ní kó wà bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó sọ látìgbà tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó pè é ní Six. Ọmọbìnrin tó jẹ gúgúrú lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ wà níbẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀.

Àmírà ṣí ìwé. Ó ní nínú iṣẹ́ tòun, òun máa ń rí táìsì tàwọn ará Róòmù gan-an. Àtẹ̀sẹ̀ ajá máa ń wà lára òmíràn. Àtẹ̀sẹ̀ ọmọdé. Ìka ẹni tó mọ ọ́n. Ó ní orúkọ Késárì ni gbogbo ayé mọ̀, orúkọ bíríkìlà ló ṣòro rí.

"Kí lorúkọ Daddy yín?"

"Tàjùdéèn."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kó sọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, kóun má bàa ṣì í kọ. Mìsítúrà ló sọ ọ́ fún un, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo ènìyàn rántí Olóyè. Olóyè náà ti rántí ara rẹ̀, ó ti ń yọ́ lọ sídìí ilẹ̀kùn.

"Késárì," Alhaji Làtíìfù pè é. "Ẹsẹ̀ rèé."

Ó na ọwọ́ sínú ewé oníláílọ́ọ̀nù níwájú ìjókòó kẹta, ó yí ẹ̀rọ. Kò wò ó kó tó yí i. Páìpù wúkọ́. Omi pupa yọ lákọ̀ọ́kọ́, ó pọ́n bí ìpẹtà, lẹ́yìn náà ó mọ́, ó ń tú dà sínú gọ́tà.

Olóyè ní òun kì í ṣe Mùsùlùmí. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò ní kó kírun, ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kó wẹ̀, òun ló sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó yí, ó fẹ́ sáré. Tógà kò ṣe é sá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ etí aṣọ ibùsùn. Ó fò sókè díẹ̀, ó sì jókòó sínú gọ́tà wàì. Aṣọ náà tú lára rẹ̀. Késárì wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Bébà tó wà létí aṣọ léfòó síwájú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn kà á: pọ́n-ùn mẹ́sàn-án, ẹ̀dínwó.

Yaqub dìde. Ó na ọwọ́ sí i.

"Ẹ dìde, sà. Mi ò lè jẹ́ kí àgbà wẹsẹ̀ fún mi."

Olóyè dì í mú, ó dìde. Kò lè wo ojú rẹ̀. Adé ti já bọ́ nínú omi, okùn rẹ̀ tú, ewé béèlíìfù sì ń wọ́ tẹ̀ léra wọn nínú gọ́tà. Malachi, tó mọ iṣẹ́, ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ta Yaqub. Wọ́n jọ ń wò ó. Ewé kan ò há. Omi kan ò dá dúró. Láti ìjókòó kìíní dé ìkarùn-ún, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí Tàjùdéèn tẹ́ ẹ, ó ń ṣàn wọ́ọ́rọ́ lọ sínú ihò.

"Ó gún," Malachi wí.

Yaqub mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ẹsẹ̀ náà sábẹ́ omi, ó wẹ̀ ẹ́, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ jáde.

Bó bá jẹ́ pé ẹ kọjá ní Rye Lane báyìí, ẹ ó rí ilẹ̀kùn Olóyè. Wọ́n ti fi ọ̀dà pa oṣù Gílíbáàtì rẹ́, Sẹ̀tẹ́ńbà ló wà níbẹ̀. Fọ́tò ara ògiri ti dín kù sí ẹyọ kan. Mọ́tò ni. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé tó ní "Ẹ káàsán, Késárì," Olóyè á ní ṣọ́ọ̀bù ti sé.

Ní ọjọ́ Sátidé yẹn ṣá, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà títí dé ìta láti gba owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn padà, ìyàwó Olóyè sì ń san án. Nígbà tí Yaqub kọjá pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, obìnrin náà na pọ́n-ùn mẹ́wàá sí i.

Kò gbà á. Ó ní òun rí ohun tí òun sanwó fún.